Ọwọ́ Tó Wà Lórí Gíà

Ẹni tí kò bá gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́, kó wọ ọkọ̀ lọ sí Ọjà-Ọ̀dàn, kó béèrè ilé Adégbóyè awakọ̀. Ọkọ̀ náà ṣì wà lábẹ́ igi kajú lẹ́yìn ilé. Kò sẹ́ni tó ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Kó jókòó sínú rẹ̀, kó gbé ọwọ́ lé gíà. Lẹ́yìn náà ni kó tó pe ẹnikẹ́ni ní onírọ́.

Inú iṣẹ́ ọkọ̀ ni Adégbóyè gbó sí. Ó ti gbé ẹ̀gẹ́, ó ti gbé pákó, ó ti gbé òkú lọ fún àwọn tó ni ín. Ojú ọ̀nà ti lo ẹ̀yìn rẹ̀ tán kó tó fi iṣẹ́ awakọ̀ sílẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló tún mú un wá ọkọ̀ kiri: Rẹ̀mílẹ́kún, ìyàwó rẹ̀. Ọkàn obìnrin náà ti wú. Omi ti kún ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Bí èémí rẹ̀ bá ti ń kúrú, àfi kí wọ́n sáré gbé e dé ilé ìwòsàn ní Ìlarò, kí wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí i nímú. Dókítà ò fi bò fún wọn: bí wọ́n bá pẹ́ lọ́nà, ó parí. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ṣeé gbé sórí ọ̀kadà.

Kò lè ké pe ènìyàn mọ́. Òrùka ìgbéyàwó rẹ̀ ló fi ń pe ọkọ rẹ̀. Á fi kan igi bẹ́ẹ̀dì: kó, kó. Kó tó kàn án lẹ́ẹ̀kejì, Adégbóyè ti dìde.

Ìdí nìyẹn tó fi ra ọkọ̀ àlòkù kan ní Eggua, lọ́wọ́ opó kan tó ń jẹ́ Hussainat. Ọkọ̀ àtijọ́ aláwọ̀ ewé ni, onígíà ọwọ́. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń dún dáadáa. Táyà rẹ̀ ò burú. Gíà rẹ̀ nìkan ló le.

Líle rẹ̀ ò sì jọ ti ọkọ̀ yòókù. Kì í ké, kì í ha. Adégbóyè á tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀, á ti gíà, gíà á dúró gbagidi. Á tún tì í. Nígbà tó bá wá wù ú, á wọlé wẹ́rẹ́, bíi pé ẹni tó dì í mú ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jọ̀wọ́ rẹ̀.

Ó gbé e lọ bá Nàfíù, mẹkáníìkì ẹ̀gbẹ́ ọjà.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ ti gbó," ni Nàfíù wí. "Gíà ò ṣe nǹkan kan."

"Wọlé kí o wà á, akọni."

Nàfíù wà á dé ìkóríta, ó sì wà á padà. Òógùn bo ojú rẹ̀. Kò ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

Ó da ọ́ìlì gíà nù, ó rọ tuntun sí i. Ó pààrọ̀ páléètì kílọ́ọ̀ṣì. Ó pààrọ̀ àwọn rọ́bà tó wà nídìí ọ̀pá gíà. Nígbà tí kò gbọ́, ó sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀, ó tú u, ó fi bẹntiróòlù fọ gbogbo eyín inú rẹ̀. Kò sí èyí tó kán. Kò sí èyí tó jẹ. Wọ́n tò ó padà, wọ́n fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, wọ́n tan án. Gíà ń wọlé, ó ń jáde, kò ní wàhálà kankan. Wọ́n sọ ọkọ̀ kalẹ̀. Ó le.

"Ó mọ ìgbà tí ọkọ̀ lè lọ," ni Adégbóyè rọra wí.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, Nàfíù na ọwọ́ wọnú ọkọ̀ láti fi gíà sí fíríì. Ó fà á yọ kíá.

"Kí ló dé?"

"Ó gbóná."

"Ẹ́ńjìnnì ni."

"Bàbá, a ò tíì tan ẹ́ńjìnnì lónìí."

Ọyẹ́ ń fẹ́. Ara ọkọ̀ tutù, gíláàsì rẹ̀ tutù. Adégbóyè gbé àtẹ́lẹwọ́ lé orí gíà. Ó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kò gbóná bí irin ṣe ń gbóná. Ó gbóná bí àga tí ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀.

Nínú ọjà lọ́hùn-ún, ẹnì kan ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ lọ bi ẹni tó tà á fún yín," ni Nàfíù wí. Ó ń fi àkísà nu ọwọ́ rẹ̀. Ó nù ún, ó tún nù ún.

Hussainat ń bó ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí Adégbóyè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kò wo ọkọ̀ náà rárá.

"Ṣé ẹ̀ ń pè é?" ló kọ́kọ́ bi í.

"Kí ni mo fẹ́ pè, ìyá?"

Ó mí kanlẹ̀. "Ṣàíbù, ọkọ mi, kì í fọwọ́ kan gíà. Fàyàwọ́ ìrẹsì ló ń fi ọkọ̀ yẹn ṣe. Ẹ̀yin náà kúkú mọ bí wọ́n ṣe ń wà á nínú igbó."

Adégbóyè mọ̀ ọ́n. Kò sí awakọ̀ ẹnu bodè tí kò mọ̀ ọ́n. Nínú igbó, kòtò àti kùkùté ni gbogbo ojú ọ̀nà, ọkọ̀ sì gbọ́dọ̀ máa sáré. Ẹni tó bá mú ọwọ́ kan kúrò lórí sítíárìn, igi ló máa kọlù. Nítorí náà, ènìyàn méjì ló ń wa ọkọ̀ kan. Awakọ̀ á fi ọwọ́ méjèèjì di sítíárìn mú. Ẹnì kejì rẹ̀, tó jókòó ti í, ló ni gíà. Bí awakọ̀ bá ti tẹ kílọ́ọ̀ṣì, á ní, "Ó yá!" Ẹnì kejì á yí i. Wọn kì í wo ojú ara wọn.

"Kòkúmọ́ ló ń bá a yí i," ni Hussainat wí. "Lọ́jọ́ kan, wọ́n jọ gba ọ̀nà igbó tíìkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì Ìlarò. Ṣàíbù nìkan ló padà wálé. Bẹ́líìtì Kòkúmọ́ ṣì wà ní dídè lórí àga rẹ̀."

"Níbo ló sọ̀ kalẹ̀ sí?"

"Ṣàíbù ní kò sọ̀ kalẹ̀. Ó ní àwọn jọ dé ni."

Adégbóyè bojú wo ọkọ̀ náà.

"Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń dá ọkọ̀ náà wà. Kò sì fọwọ́ kan gíà títí tó fi kú."

"Ta ló wá ń yí i fún un?"

Obìnrin náà gbé agbọ̀n ẹ̀gẹ́ rẹ̀. "Ẹ má pè é o. Bí ẹ bá ti pè é, ẹ ti gbà á síṣẹ́ nìyẹn." Ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Adégbóyè kò sọ fún ìyàwó rẹ̀. Kò sì pe nǹkan kan. Ó ń fi agídí wa ọkọ̀ náà, ọwọ́ rẹ̀ ń wú, títí di ọ̀sán ọjọ́ kan tó gbọ́ òrùka lára igi bẹ́ẹ̀dì. Kó, kó, kó, kó. Kò dáwọ́ dúró.

Ó gbé e sínú ọkọ̀. Ó de bẹ́líìtì mọ́ ọn. Ó tan ọkọ̀, ó tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Gíà ò mì. Ó fi ọwọ́ méjèèjì fà á. Ó fi èjìká tì í. Ètè Rẹ̀mílẹ́kún ti ń dúdú. Ó kàn ń wò ó, kò lè bẹ̀ ẹ́.

Adégbóyè gbé ọwọ́ padà sórí sítíárìn.

"Ó yá," ló wí. Ohùn rẹ̀ kéré.

Gíà wọlé.

Wọ́n tètè dé Ìlarò, wọ́n sì rí afẹ́fẹ́ fi sí i nímú. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀ wálé, Rẹ̀mílẹ́kún ní, "Bàbá Ìdùnnú."

"Hẹn."

"Ta ló jókòó sáàárín wa?"

"Kò sẹ́nì kankan."

"Ẹ ní kó sún o. Orúnkún rẹ̀ ń gún mi." Ó rẹ́rìn-ín, ó wúkọ́. Adégbóyè ò rẹ́rìn-ín.

Fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ nínú ọyẹ́ yẹn, ọkọ̀ ò já wọn kulẹ̀. Adégbóyè ń pè, gíà ń dá a lóhùn. Nígbà tó ṣe, gíà bẹ̀rẹ̀ sí í dá a lóhùn kó tó pè é. Lẹ́yìn náà, bí wọ́n bá ti dé ẹnu ọ̀nà igbó tíìkì, gíà á wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọkọ̀ á rọra, bíi pé ó fẹ́ yà. Adégbóyè á máa bẹ̀ ẹ́: "Ó yá. Ó yá, jọ̀ọ́." Á pẹ́ kó tó gbà. Lójoojúmọ́ ló ń pẹ́ sí i.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ọyẹ́ bo oòrùn. Ojú ọ̀nà funfun. Èémí Rẹ̀mílẹ́kún ń dún bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ ewé gbígbẹ nílẹ̀. Ní ẹnu ọ̀nà igbó tíìkì, gíà bọ́ sí fíríì, ọkọ̀ sì dúró.

"Ó yá," ni Adégbóyè wí.

Kò sí nǹkan kan.

"Ó yá! Ìyàwó mi ń kú lọ!"

Ó dì í mú. Ó gbóná. Kò mì. Ó wo ọ̀nà iwájú, ó wo ẹ̀yìn: kò sí ọkọ̀ kankan tó ń bọ̀. Rẹ̀mílẹ́kún gbé ọwọ́ sókè díẹ̀. Ó fi òrùka kan ara ọkọ̀. Kó, kó.

"Ẹ gbé e lọ," ló wí. Ọ̀rọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde. "Ibi tó ń lọ. Ẹ gbé e lọ síbẹ̀, ká lè máa lọ."

Adégbóyè yí sítíárìn sí ojú ọ̀nà igbó. Kó tó la ẹnu, gíà ti wọlé.

Ọkọ̀ sáré. Gíà ń lọ láìsí ìpè, ó ń gòkè, ó ń sọ̀. Ewé tíìkì gbígbẹ ń fọ́ lábẹ́ táyà. Igi dúró tò ní ọ̀tún àti ní òsì, gbogbo wọn ṣe déédéé. Adégbóyè fi ọwọ́ méjèèjì di sítíárìn mú, kò lè wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó kàn ń gbọ́ èémí ìyàwó rẹ̀.

Níbì kan tí kò yàtọ̀ sí ibòmíì, ọkọ̀ rọra dúró. Ẹ́ńjìnnì kú. Kò sí ẹyẹ. Kò sí atẹ́gùn. Ewé kan já, Adégbóyè sì gbọ́ ọ nígbà tó kanlẹ̀.

Ó fọwọ́ kan gíà. Ó tutù. Ó rọ̀ bíi ti ọkọ̀ tuntun.

"Ó ti sọ̀ kalẹ̀," ni Adégbóyè wí. "Ìyá Ìdùnnú, ó ti sọ̀ kalẹ̀. Fara dà á."

Ó yí ọkọ̀ padà. Ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí gíà, kò le rárá. Eruku dí ojú rẹ̀, kò gbójú kúrò lọ́nà. Ó ń gbọ́ èémí náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti inú igbó dé títì, láti títì wọ Ìlarò. Ó tilẹ̀ ń rọ̀ ọ́ lọ́rùn sí i. Ó ń lọ gẹ́lẹ́, gẹ́lẹ́, bíi ti ẹni tó ń sùn. Adégbóyè bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́.

Nọ́ọ̀sì kan sáré jáde wá ṣí ilẹ̀kùn. Ó dúró.

"Bàbá, ta lẹ gbé wá?"

Bẹ́líìtì wà ní dídè. Sálúbàtà Rẹ̀mílẹ́kún wà nílẹ̀ ọkọ̀, méjèèjì tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Kò sí ẹnikẹ́ni lórí àga.

"A jọ dé ni," ni Adégbóyè wí.

Wọ́n wá a. Ọlọ́pàá wá a, ọdẹ wá a. Ìdùnnúolúwa, ọmọ wọn, ti Ìbàdàn dé, ó sì pariwo orúkọ ìyá rẹ̀ nínú igbó tíìkì títí ohùn rẹ̀ fi há. Ẹsẹ̀ táyà ni wọ́n rí, ní àlọ àti àbọ̀. Wọn ò rí ẹsẹ̀ ènìyàn.

Wọ́n fa ọkọ̀ náà wá sábẹ́ igi kajú. Láti ìgbà náà ni gíà rẹ̀ ti tún le.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n tú u tà," ni Nàfíù bẹ̀ ẹ́.

"Fi sílẹ̀."

"Ṣé ó ṣì ń gbóná?"

"Ó ń gbóná. Ṣùgbọ́n ibi tó gbóná ti kéré. Ọwọ́ tín-ín-rín ni."

Nàfíù sún sẹ́yìn. "Ẹ pè é nígbà náà. Bóyá Màmá ni."

"Bí kì í bá ṣe òun ńkọ́?"

Nàfíù bẹ̀rẹ̀ sí í kó irinṣẹ́ rẹ̀.

"Bó bá sì jẹ́ òun ńkọ́?" ni Adégbóyè wí. "Níbo ló máa ní kí n gbé òun lọ?"

Nàfíù ò padà wá síbẹ̀ mọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, bí àwọn adìyẹ bá ti wọlé, Adégbóyè á lọ jókòó sínú ọkọ̀ náà. Á tan ẹ́ńjìnnì. Á tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀, á fi ọwọ́ méjèèjì di sítíárìn mú. Ẹnu rẹ̀ á wà ní pípa dé. Àwọn ará ilé rò pé ọ̀fọ̀ ló dà á lórí rú, wọ́n sì ń fi í sílẹ̀.

Wọn ò sún mọ́ ọkọ̀ náà tó láti gbọ́ ọ. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, tí gbogbo àdúgbò dákẹ́, nǹkan kékeré kan á máa kan ọ̀pá gíà, ní sùúrù.

Kó.

Kó.