Yí Dígí Náà Padà

"Yí dígí náà padà, kí o tún un wọ̀n."

Ìyá Oníràwọ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ọmọ àbúrò rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilé-ìwé girama, mí kanlẹ̀. Ọmọ náà ń bá a ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń wo ìràwọ̀, nídìí tábìlì tí iná ń tàn lábẹ́ rẹ̀. Àwòrán ojú ọ̀run ló wà lára dígí tó wà níwájú wọn, gbogbo ìràwọ̀ ibẹ̀ rí tóótòòtó dúdú, nítorí ìmọ́lẹ̀ máa ń di dúdú lára irú dígí bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà ọ̀dọ́ ni màmá yìí ti ń wọn ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wà, nítorí ìwé ìràwọ̀ ńlá tí ilé-iṣẹ́ fẹ́ tẹ̀. Ibẹ̀ ló lo ojú rẹ̀ sí.

Ojú olúkúlùkù máa ń fì sí ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dorí dígí kodò, tí wọ́n á tún un wọ̀n, kí àṣìṣe méjèèjì lè pa ara wọn rẹ́.

Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà kì í jókòó ti dígí, àmọ́ òun ló ń kánjú jù. Àwọn àlejò ńlá tó ń fi owó ti iṣẹ́ náà lẹ́yìn ń bọ̀, ó sì fẹ́ fi ìwé náà yangàn. Nígbà tí Ìyá Oníràwọ̀ lọ rí dókítà ojú, ọ̀gá pe Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ sí kọ̀rọ̀. Ó ní kó kàn fi orí ṣírò ìwọ̀n kejì láti ara àkọ́kọ́. Bó bá tètè parí, iṣẹ́ di tirẹ̀ nìyẹn. Àwọn ọ̀dọ́ yòókù níbi iṣẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní àbí òun náà fẹ́ fọ́jú bíi ti àǹtí rẹ̀ ni. Ọmọ náà gbà, ó ṣe é.

Nígbà tí Ìyá Oníràwọ̀ padà dé, kò pẹ́ kó tó mọ̀. Ìwọ̀n méjèèjì dọ́gba rẹ́gí, ojú èèyàn kan kò sì lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ó bẹ ọ̀gá pé kó jẹ́ kí àwọn tún un ṣe. Ọ̀gá kọ̀ jálẹ̀.

Àwọn àlejò dé, ọ̀kan nínú wọn tó mọ iṣẹ́ náà sì béèrè ohun tó mú kí ìwọ̀n wọ̀nyí dọ́gba tó báyìí. Ẹ wá wo ìwà àìnítìjú: ọ̀gá nawọ́ sí Ìyá Oníràwọ̀, ó ní ojú màmá kò ríran mọ́ ni. Obìnrin tó fi gbogbo ayé rẹ̀ sìn wọ́n!

Inú bí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ débi pé ẹ̀rù kò bà á mọ́.

"Ẹ má dá àǹtí mi lẹ́bi. Èmi ni mo fi orí ṣírò ìwọ̀n kejì, ọ̀gá yìí ló ní kí n ṣe é. Ẹ gbé dígí tí àǹtí mi fúnra wọn ti wọ̀n, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò."

Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí àléébù níbẹ̀. Àwọn àlejò dá ìwé náà dúró ná, wọ́n sì pàṣẹ pé orúkọ Ìyá Oníràwọ̀ ni kó wà níwájú rẹ̀. Ọ̀gá lé Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kúrò níbi iṣẹ́. Òun alára ṣì wà lórí àga rẹ̀, ìyẹn sì ń dùn mí dọ́kàn.

Àǹtí rẹ̀ kò gbè é.

"Ìwọ lo bà á jẹ́, ìwọ ni wàá tún un ṣe. Kò sí owó ńbẹ̀."

Ó mú un padà sídìí tábìlì, ọ̀gá kò sì lè kọ̀ mọ́. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Ó ti wá mọ̀ pé bí ọ̀gá bá ní ká purọ́, ọwọ́ wa la fi ń kọ ọ́, ẹni tó ṣiṣẹ́ òótọ́ ló sì ń jẹ ìyà rẹ̀. Nígbà tó wọn dígí àkọ́kọ́ tán, ó yí i padà kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún un.