Tíkẹ́ẹ̀tì Ọjọ́ Òjò

"Tẹ̀ ẹ́, Dervla! Àbí ìka ẹ ti kú ni?"

Shauna ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta pòtétò díndín, tí òróró ń kán láti ìka rẹ̀ sórí fóònù. Ìdánwò ti parí, ìsinmi ti dé, àwọn ọmọ kíláàsì wọn sì ti fẹnu kò pé ọgbà eré ńlá tó wà ní Dunbrack làwọn ń lọ ní Sátidé tó ń bọ̀. Shauna ti ra tíkẹ́ẹ̀tì tiẹ̀. Oisín, ọmọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi àfi tí oúnjẹ bá wà níbẹ̀, ti ra tiẹ̀. Ó ku Dervla.

Dervla tẹjú mọ́ fóònù. Oríṣi tíkẹ́ẹ̀tì méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan ní ọjọ́ lára, owó pọ́ọ́kú ni wọ́n sì ń tà á. Ṣùgbọ́n bí Sátidé bá kọjá tó ò lọ, ó dàbọ̀ nìyẹn. Èkejì wọ́n jù ú lọ, àmọ́ ọjọ́ tó bá wù ọ́ kí ìsinmi tó tán ni kó o mú un lọ.

Ó tẹ èkejì. Ó tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Oisín na ọrùn wò ó. "Méjì kẹ̀? Àbí o ti ní àfẹ́sọ́nà tá ò mọ̀?"

"Mamó ló ni ìkejì."

"Ìyá bàbá ẹ? Ìyá tó ń fi bàtà rọ́bà sáré lé ajá?"

Ẹ̀rín pa wọ́n débi pé pòtétò bọ́ lẹ́nu Oisín. Shauna nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Kí lo wá ra olówó gọbọi fún? Sátidé là ń lọ. Sátidé ò lè sá lọ."

"Kò lè sá. Àmọ́ a ò tíì gé koríko wa. Ọjọ́ tí oòrùn bá yọ la máa gé e, oòrùn ò sì tíì fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi."

"Koríko! Ẹ gbà mí, ẹ wá wo ìyá arúgbó ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún!"

"Ọ̀nà kan ò wọ ọjà," ni Dervla dá a lóhùn, ó ti fóònù bọ àpò. "Ẹ gba tiyín, mo gba tèmi."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbọ́ mi, ẹ má bá wọn rẹ́rìn-ín o. Lágbègbè Roscommon tí wọ́n ń gbé, òjò kì í kanlẹ̀kùn kó tó wọlé. Á rọ̀ láàárọ̀, á rọ̀ lọ́sàn-án, á tún padà wá nírọ̀lẹ́ wá wò bóyá ó gbàgbé nǹkan. Bẹ́ẹ̀, koríko tí màlúù máa jẹ nígbà òtútù ní láti gbẹ kó tó ṣeé kó pa mọ́. Wọ́n á gé e, wọ́n á fi sílẹ̀ fún oòrùn, wọ́n á máa yí i padà bí ẹni ń sá èlùbọ́, kí wọ́n tó dì í. Bí òjò bá bá a nílẹ̀, ó jẹrà nìyẹn, àwọn màlúù á sì fi òtútù náà gbààwẹ̀.

Malachy, bàbá Dervla, ló máa ń ṣe iṣẹ́ yìí. Àmọ́ wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní ìbàdí. Igi ló fi ń rìn, dókítà sì ti kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ gun katakata. Ta ló wá kù? Mamó yọ̀ǹda ara rẹ̀ o. Wọ́n ní kó jọ̀ọ́, kó jókòó. Ìgbà tó wa katakata kẹ́yìn, géètì ló wó. Ló bá di pé Dervla ló kù.

Inú kò bí Mamó rárá. Ọgbà eré ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ó ti rí ọkọ̀ kan níbẹ̀ nínú tẹlifíṣọ̀n, Ejò Irin lorúkọ rẹ̀, tó ń gun irin lọ sókè fíofío, tó tún ń já wálẹ̀ bí òkúta, tí àwọn tó wà nínú rẹ̀ ń ké bíi pé ayé ti parí.

"Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo ti ń pa ariwo mọ́ra," ni Mamó wí. "Mo pa á mọ́ra ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo pa á mọ́ra lọ́dọ̀ ọkọ. Ẹ jẹ́ kí n lọ síbi tí wọ́n ti ń gbowó kéèyàn lè pariwo!"

Ẹ̀yin náà ti mọ̀ ọ́n. Oòrùn yọ. Ọjọ́rú ló yọ, ó sì yọ bí ẹni tó fẹ́ san gbèsè. Lọ́jọ́ kejì, Dervla gun katakata, ó gé koríko náà. Lọ́jọ́ Ẹtì, ó yí i padà títí apá fi ń ro ó. Nígbà tó fi máa di Sátidé, ó ti ń gbẹ, ó ń ta sánsán, ó sì ń dún pẹrẹpẹ̀rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Rédíò wá ní òjò ń bọ̀ lóru. Aládùúgbò tó ní ẹ̀rọ ìdìkoríko ní ìrọ̀lẹ́ lòun máa dé. Kó tó dé, Dervla gbọ́dọ̀ yí i padà lẹ́ẹ̀kan sí i, kó sì kó o jọ ní ìlà-ìlà kí ẹ̀rọ náà lè dì í.

Orí iṣẹ́ yẹn ló wà tí bọ́ọ̀sì fi dúró lẹ́nu géètì wọn. Orí yọ lójú fèrèsé bí ọmọ ẹyẹ.

"Dervla!" Shauna nìyẹn. "Bọ́ sílẹ̀ lórí nǹkan yẹn, jàre!"

"Mo ń ṣiṣẹ́!"

Oisín gbé ohùn lọ́yà wọ̀. "Ẹ jọ̀wọ́, Olúwa mi. Ṣebí ìyáàfin yìí fúnra rẹ̀ ló ní tíkẹ́ẹ̀tì òun ń gba ọjọ́ gbogbo? Àbí òní kì í ṣe ọjọ́?"

Inú bọ́ọ̀sì hó yèè. Ọ̀rọ̀ náà sì wọ Dervla lára, nítorí òótọ́ ni. Ká ní kò ní tíkẹ́ẹ̀tì, ì bá rí àwáwí. Tíkẹ́ẹ̀tì náà wà lápò rẹ̀, ó ń gba òní gẹ́lẹ́ bó ṣe máa gba ọjọ́ mìíràn. Ó pa katakata, ó bọ́ sílẹ̀.

Bàbá rẹ̀ ti fi igi rìn dé etí oko. "Máa bá wọn lọ, ọmọ mi. Màá ṣe é." Ó gbé ẹsẹ̀ kan sórí ibi tí wọ́n fi ń gun katakata. Ẹnu rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ òógùn bò ó níwájú orí.

"Yára!" ni Shauna pariwo. "Tó ò bá bá wa lọ lónìí, má wá jókòó tì wá mọ́ tí ilé-ìwé bá wọlé. Mo ń sọ fún ẹ."

Dervla rìn dé ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀sì. Wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́. Ó gbé ọwọ́ lé fèrèsé.

"Oisín, o jàre. Tíkẹ́ẹ̀tì mi ń gba òní. Èmi gan-an ni mi ò gba òní. Bàbá mi ò ní fi ìbàdí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán gun katakata kí n lè lọ máa fò sókè. Ẹ máa lọ."

"Dervla, mi ò ṣeré o!" ni Shauna wí.

"Èmi náà ò ṣeré. Má fi àga halẹ̀ mọ́ mi."

Ó kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó rọra gbé ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ wá sílẹ̀, ó gun orí katakata padà. Bọ́ọ̀sì lọ. Ní gbogbo ọ̀sán, fóònù rẹ̀ ń gbọ̀n lápò: fọ́tò, fọ́tò, fọ́tò. Nígbà tí ojú rẹ̀ pọ́n, ó ní ìdọ̀tí koríko ló kó sí i. Ẹ jẹ́ ká gbà bẹ́ẹ̀.

Ilẹ̀ ti ń ṣú kí wọ́n tó kó ìdì koríko tó kẹ́yìn wọ inú àká. Kò pẹ́ tí òjò fi bẹ̀rẹ̀ sí í lu páànù. Mamó jáde sí ẹnu ọ̀nà, ó na ọ̀pá sí ojú ọ̀run.

"O ti pẹ́ jù, ọ̀gbẹ́ni! Wábi gbà!"

Òjò ò wábi gbà. Ó rọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, ó rọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Dervla àti Mamó wọ kóòtù òjò, wọ́n wọ bọ́ọ̀sì, ó di Dunbrack. Ẹ̀yin ará, ọgbà náà dá páropáro! Àwọn pẹ́pẹ́yẹ nìkan ló ń gbádùn ara wọn. Ọmọkùnrin tó ń ṣọ́ Ejò Irin wo Mamó láti orí dé ẹsẹ̀.

"Màmá, ẹ má bínú o. Ọmọ ọdún mélòó ni yín?"

Igi kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé ẹni tó bá kúrú jù ú kò gbọdọ̀ gùn ún. Mamó lọ dúró tì í, ó na ọrùn bí akọ ewúrẹ́.

"Ṣé mo ga tó o, àbí mi ò ga tó o?"

"Ẹ ga tó o, mà."

"Ọjọ́ orí ò sí lára igi yẹn. Ṣílẹ̀kùn."

Ejò Irin gbé wọn lọ sókè jẹ́jẹ́jẹ́, òjò ń gbá wọn lójú. Ó dúró díẹ̀ lórí téńté. Ó já wálẹ̀. Ariwo tí Mamó pa! Àwọn pẹ́pẹ́yẹ fò lọ. Nígbà tí wọ́n balẹ̀, Mamó kò dìde.

"Ọmọ, ṣé ẹnì kankan wà lẹ́yìn wa?"

"Kò sẹ́nì kankan, mà."

"Ó dáa. Tún un ṣe."

Wọ́n tún un ṣe títí ọmọkùnrin náà fi bẹ̀bẹ̀ pé ebi ń pa òun. Lálẹ́, Oisín rí fọ́tò wọn, ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́: "Ìlà gùn, oòrùn sì jó wa gbẹ. Ẹ̀ẹ̀kan péré làwa gùn ún."

Nígbà tí ilé-ìwé wọlé, Shauna rí Dervla tó ń bọ̀ nílé oúnjẹ, ló bá gbé báàgì lé àga tó ṣófo. Oisín gan-an wolẹ̀. Dervla gbé báàgì náà, ó rọra gbé e lé Shauna lẹ́sẹ̀.

"Mo ní kó o má jókòó tì wá!"

"Mo gbọ́ ẹ nígbà yẹn. Mo ṣì ń gbọ́ ẹ báyìí."

Ó fa àga, ó jókòó, ó ṣí oúnjẹ rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò fara sin. Mọ ohun tó wà nílẹ̀ nílé yín kó o tó ṣèlérí ọjọ́ fún ẹnikẹ́ni, kó o sì fi àyè sílẹ̀ fún ohun tó lè yí padà. Ṣùgbọ́n bí àyè bá ti wà, ìwọ fúnra rẹ ló máa yàn. Kò sí tíkẹ́ẹ̀tì tó lè bá ọ yàn án. Bí ẹgbẹ́ bá sì fẹ́ lé ọ nítorí pé ilé rẹ lo yàn, má sunkún lọ sí kọ̀rọ̀. Gbé orí sókè, fa àga, jẹun rẹ.