Ọ̀sán tí Mo Lé Àwọn Àgbà Dowa Dìde

Ẹ̀gbọ́n mi Mouftaou gbé gìtá kọ́rùn, ó ń kọ orin rọ́ọ̀kì ní èdè Nàgó nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ wa ní àdúgbò Dowa. Ẹ̀yin ọmọ, èmi Asmaou, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún nígbà náà, jókòó lẹ́yìn. Ọdún kejì lẹ́yìn tí àwọn ológun gbàjọba ni, títí dòní ni inú sì ń bí mi sí ọ̀sán ọjọ́ náà.

Théophile, olórí ìgbìmọ̀ ọ̀dọ́ Ìyípadà, bí àwọn ológun ṣe ń pe ìjọba wọn, ti sọ pé orin òyìnbó amúnisìn ni rọ́ọ̀kì, pé òun máa gba gìtá náà. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ bẹ̀ ẹ́ títí. Théophile wá gbà pé bí àwọn àgbà àdúgbò bá fara mọ́ orin náà, òun á jẹ́ kí Mouftaou máa kọ ọ́ lọ.

Àwọn àgbà méjìlá ló wá, ìyá àgbà wa, Àrìnpé, sì jókòó níwájú wọn. Wọ́n gbọ́wọ́ lé itan, wọn ò mira, wọn ò pàtẹ́wọ́.

Abibou, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá wa tó ti Èkó wá lo vákáǹsì, ìsinmi ilé ẹ̀kọ́, ń rẹ́rìn-ín létí mi. Ó ní ní Èkó, bí gìtá bá ti dún, àwọn ọ̀dọ́ á máa fò sókè, wọ́n á máa pariwo, pé bí òkú ni tiwa rí. Ojú tì mí. Kí ló kàn mí nínú ohun tí wọ́n ń ṣe ní Èkó? Ṣùgbọ́n mo gun orí bẹ́ńṣì.

“Ẹ̀yin àgbà yìí, ṣé oorun lẹ wá sùn ni? Bí ẹ ò bá mọ orin ayé òde òní, ẹ fi àyè sílẹ̀ fún àwa tí a mọ̀ ọ́n.”

Àwọn ẹgbẹ́ mi bú sẹ́rìn-ín. Mouftaou dá orin dúró lójijì. Ìyá àgbà wò mí, ó dìde, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e jáde.

Théophile ò fi àkókò ṣòfò. Ó ní gbogbo ayé ti rí i pé àwọn àgbà ò fara mọ́ orin náà, ó sì bọ́ gìtá lọ́rùn ẹ̀gbọ́n mi. Mo ń ké pé èmi ni wọ́n bínú sí, pé kì í ṣe orin náà. Ọ̀gbẹ́ni náà gbọ́ mi dáadáa, àmọ́ ohun tó ń wá ti bọ́ sí i lọ́wọ́. Abibou ní tirẹ̀ padà sí Èkó lọ́jọ́ kejì, ó ní ìlú wa ò dùn.

Nígbà tí mo dé ilé, mo kúnlẹ̀ níwájú ìyá àgbà. Ó ń ká ìró tuntun kan padà sínú àpótí.

“Asmaou, ṣé a máa ń pariwo lé olórin lórí nílùú yìí kó tó parí orin rẹ̀?”

Mo ní rárá.

“Bó bá parí ńkọ́?”

“Ẹ máa ń tẹ́ aṣọ sílẹ̀ kó rìn lórí rẹ̀.”

“Àwa méjèèjìlá la mú aṣọ dání. Kí ló mú ọ rò pé a ò ní tẹ́ ẹ fún ọmọ wa, torí pé gìtá ló gbé?”

Ẹ̀yin ọmọ, mo bínú sí Théophile, mo bínú sí Abibou, ṣùgbọ́n èmi ni mo la ẹnu. Ẹni tó ń fò ń gbádùn orin, ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ náà ń gbádùn rẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rín àlejò sún yín láti tàbùkù àwọn ènìyàn yín. Mouftaou dárí jì mí, ṣùgbọ́n kò kọrin mọ́.