Orin Mọ́kànlá Tó Sọnù

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí obìnrin náà bá a sọ kì í ṣe ìkíni. Ẹ̀sùn ni.

"Ohùn mi ń pẹ́ dé," ó wí, ó sì yọ íapíìsì létí. "Mo ti kọ ọ́ kọjá kí n tó gbọ́ ara mi."

Ọkùnrin náà gbé ojú sókè. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tó ti wà lórí ètò kọ̀ǹpútà yìí, èyí tí àwọn olórin yóò máa fi gba ohùn sílẹ̀, tí wọn yóò sì máa fi to orin. Akọrin mẹ́sàn-án ló ti jókòó sídìí máíkì rẹ̀. Gbogbo wọn ní ó dáa. Òun nìkan ló mọ̀ pé ohùn ń falẹ̀ kó tó padà sétí ẹni tó ń kọrin, ìwọ̀nba tí kò tó ìṣẹ́jú ojú. Ó ti ń fi àléébù náà pamọ́ bí ẹni tó ní egbò lábẹ́ ṣòkòtò.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kọ."

Ó tún un kọ. "Ó ṣì ń pẹ́."

Ibẹ̀ ni ìfẹ́ ti mú un. Ẹlòmíràn á ní ẹwà lòun rí, tàbí ìrìn. Ní tirẹ̀, ẹni tí kò ní tàn án jẹ ló ti ń wá láti ọjọ́ yìí.

Láti ìgbà náà, gbogbo ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni obìnrin náà ń gun àtẹ̀gùn wá sí yàrá kékeré tí wọ́n fi fóòmù bo ògiri rẹ̀. Ọkùnrin náà á tún ibì kan ṣe, obìnrin náà á ka ení dé ẹ̀wá sínú máíkì, á sì sọ bó ṣe rí. Olóhùn Iyọ̀ ni ọkùnrin náà ń pè é. Òun náà ń pè é ní Ọ̀gá Ẹ̀rọ, ó sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ̀rọ ni ìyálé, òun ni ìyàwó. Oṣù méje kọjá. Lọ́jọ́ kan, ó kọrin, ó dákẹ́, ó wò ó.

"Ó dé lásìkò," ó ní.

Wọ́n dì mọ́ra wọn, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Kí obìnrin náà tó sọ̀kalẹ̀ lọ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ọkùnrin náà ti ní òun fẹ́ ẹ, obìnrin náà sì ti gbà.

Ìyá obìnrin náà ni kò gbà. Télọ̀ ni ìyá yìí, opó ni, ohun tó bá ṣeé fọwọ́ bà ló mọ̀.

"Èyí tí mo bá rán, wọ́n á wọ̀ ọ́," ó wí fún ọkùnrin náà lórí ìdúró. "Tìẹ ńkọ́?"

"Wọ́n máa gbọ́ ọ ni, mà."

"Nígbà wo?"

"Ó kù díẹ̀, mà."

"Ó kù díẹ̀. Ọdún tó kọjá náà, ọmọ mi ní o ní ó kù díẹ̀. Parí rẹ̀ ná. Bí mo bá fi etí mi gbọ́ ọ, kó àwọn èèyàn rẹ wá."

Bí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ṣe so mọ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ nìyẹn. Ọkùnrin náà kò bínú. Ó ní kò sí ohun tó le tí kì í rọ̀.

Kò tí ì rọ̀ tí ohùn Olóhùn Iyọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í há. Wọ́n rò pé òtútù ni. Ó mu agbo, ó mu oyin, ó simi. Nígbà tí wọ́n débi dókítà, wọ́n gbọ́ pé nǹkan kan ti hù sí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, iṣẹ́ abẹ ló sì kù.

"Ẹ̀mí rẹ̀ ni mo lè ṣèlérí," dókítà wí. "Mi ò lè ṣèlérí ohùn."

Ìyá bá wọn jáde síta. Ó wá di ọwọ́ ọkùnrin náà mú, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. "Gba ohùn ọmọ mi sílẹ̀ kí wọ́n tó fi abẹ kàn án. Tó o bá tọ́jú ẹ̀ fún mi, mi ò tún bi ẹ́ léèrè iṣẹ́ mọ́. Àna mi ni ẹ́."

Ọmọ rẹ̀ ló mú àbá mìíràn wá. "Ọ̀gá Ẹ̀rọ, ṣé ká kúkú lo ètò ti àtijọ́, èyí tí gbogbo èèyàn ń lò? Tìẹ ṣì ń ṣe ségesège."

"Kò sí èyí tó mọ ohùn ẹ tó tèmi. Jẹ́ kó jẹ́ tèmi ló gbà á, olólùfẹ́ mi."

Obìnrin náà gbà. Ó fẹ́ràn rẹ̀ ni.

Ọ̀sán mẹ́ta ni wọ́n fi gba orin mọ́kànlá. Ìyá jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Èyí tó kẹ́yìn ni orin tí olóògbé bàbá obìnrin náà fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n láyé yìí ju ìyá àti ọmọ lọ, ìyá kò sì lè kọrin, ohùn rẹ̀ dà bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Nígbà tí wọ́n parí, ọkùnrin náà ṣe ẹ̀dà sínú fíláàṣì méjì, ó kó ọ̀kan sápò, ó kó èkejì sínú dúrọ́ọ̀.

Lọ́jọ́ kẹta lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ó lọ sí yàrá iṣẹ́ rẹ̀ lọ mú orin náà, kó lè gbé e fún ìyá gbọ́ nílé ìwòsàn. Ó ṣí i. Orúkọ orin mọ́kànlá tò sílẹ̀, kò yingin. Ó tẹ̀ ẹ́ kó kọ. Kẹ́kẹ́ pa.

Nǹkan méjì ni ètò rẹ̀ máa ń tọ́jú: ìwé tó sọ ibi tí ohùn kọ̀ọ̀kan wà, àti ohùn fúnra rẹ̀, tó wà nínú àpò ọ̀tọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, kí kọ̀ǹpútà má bàa kún, ó ti kọ ìgbálẹ̀ kan sínú ètò náà, tí yóò máa gbá ohùn tí ìwé kankan kò pè dànù. Lọ́sẹ̀ kan náà, ó yí orúkọ àpò ohùn padà. Kò rántí sọ fún ìgbálẹ̀. Ìgbálẹ̀ dé inú àpò, kò rí ìwé tó pe ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ó gbá gbogbo rẹ̀ mọ́. Fíláàṣì méjèèjì ńkọ́? Ìwé nìkan ló wà nínú wọn. Ó dà bí ẹni tó gbé ìwé orúkọ ará ilé jáde, tó fi ará ilé sílẹ̀ nínú iná.

Ọjọ́ méjì ló fi wá a. Ó wá a títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Ohun tó kù ni àwọn ìdánwò ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, tó wà níbòmíràn tí ìgbálẹ̀ kò dé: ení, èjì, ẹ̀ta, àti ohùn gbọọrọ kan ṣoṣo tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú. Ó ronú pé òun lè gé wọn sí wẹ́wẹ́, kóun sì rán wọn pọ̀ di orin. Ó rán ìlà kan. Ohùn obìnrin náà ni lóòótọ́, orin bàbá rẹ̀ sì ni, àmọ́ kò sẹ́ni tó kọ ọ́ rí. Ojú tì í. Ó pa á rẹ́, ó sì lọ sílé ìwòsàn.

Wọ́n ti ní kí obìnrin náà má sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ìwé àkọsílẹ̀ kan wà lórí itan rẹ̀. Ọkùnrin náà dúró sẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó sọ ọ́ láti orí dé ìdí, kò fi nǹkan kan bo. Ìyá gbé ife omi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Obìnrin náà kọ̀wé, ó dojú rẹ̀ kọ ọ́. *Orin bàbá mi ńkọ́?*

"Ó bá wọn lọ."

Ó tún kọ, ó pẹ́ níbẹ̀. *Mo ní ká lo ti àtijọ́. O ní àfi tìẹ. Ohùn tí mo ní kẹ́yìn lo fi dán iṣẹ́ ẹ wò.*

"Olólùfẹ́ mi, mo bẹ̀ ẹ́. Dárí jì mí."

Ó ṣí ojú ewé tuntun. *Mo ti dárí jì ẹ́. Máa lọ.*

Àwọn ojúlùmọ̀ ọkùnrin náà ní omi ló dànù, agbè ò fọ́, kó dúpẹ́. Kò sí ohun tó bí i nínú tó ọ̀rọ̀ yẹn. Gbogbo ìpè rẹ̀ ni obìnrin náà kò gbé. Iṣẹ́ ló kù fún un, ó sì ṣe é. Ó yọ ìgbálẹ̀ náà kúrò, ó parí ètò náà, àwọn olórin sì ń rà á. Wọ́n ń kọ̀wé sí i pé ẹni tó ṣe é ṣọ́ra gan-an, pé nǹkan ẹni kì í sọnù níbẹ̀. Kì í dá wọn lóhùn.

Lẹ́yìn oṣù márùn-ún, lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ìyá ni. Ó ń mí gúlegúle.

"Ẹ káàsán, mà. Ẹ jókòó."

Ó jókòó sórí àga ẹ̀gbẹ́ ògiri. "Ọmọ mi wà nísàlẹ̀, ó ní òun ò gòkè. Ó ní ìgbà tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀, o máa ń ní kó máa kà sínú nǹkan yìí."

"Ení, èjì lásán ni, mà. Kì í ṣe orin."

"Gbé e sí i."

Ó gbé e sí i. Ohùn náà jáde, ó mọ́ gaara. *Ení. Èjì. Ẹ̀ta. Ẹ̀rin.* Ó dé ẹ̀wá, ó bú sẹ́rìn-ín. *Ọ̀gá Ẹ̀rọ, ebi ń pa mí o. Ṣé wáyà ni n ó jẹ?*

"Tún un gbé sí i," ìyá wí. Nígbà kẹta, ó fi etí gèlè nu ojú. "Àna mi," ó ní, "má jẹ́ kí èyí sọnù."

Ọkùnrin náà fẹ́ dáhùn. Ẹnì kan sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ohùn tó wúwo, tó há, bí ohùn àgbà ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

"Màámi, ó tó. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Ọkùnrin náà yíjú. Ó rí Olóhùn Iyọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó wò ré kọjá èjìká rẹ̀, ó ń wá ẹni tó sọ̀rọ̀.

Kò ju ìṣẹ́jú ojú lọ, àmọ́ obìnrin náà rí i. Ó wọlé, ó gbé báàgì ìyá rẹ̀, ó fà á lọ́wọ́ dìde. Àwọn méjèèjì sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn jẹ́jẹ́, ìyá ń bojú wẹ̀yìn, torí pé nínú yàrá, kíkà náà kò tí ì tán.