Ẹni Tó Kọ́kọ́ Pariwo Olè

“Màmá àgbà, ẹ wò ó! Ọwọ́ kan péré ló fi gbé ọkọ̀ àwọn olè sókè!”

Àbísóyè, ọmọ ọmọ mi, ló ń na ìwé aláwòrán rẹ̀ sí mi lójú báyìí, níbi tí a ti dúró de takisí ní àdúgbò Doornfontein, nílẹ̀ àjèjì tí à ń gbé. Ọdún 2009 ni, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá sì ni. Ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru mi la ti ń bọ̀. Akọni inú ìwé náà ń jẹ́ Mànàmáná. Ó wọ aṣọ pupa, ó fi nǹkan bojú, kò sì sí olè tó lè sá mọ́ ọn lọ́wọ́.

“Ta ló wá fi í jẹ adájọ́?” ni mo bi í.

Ó rẹ́rìn-ín. “Màmá, ẹ̀yin náà! Kò dìgbà tí ẹnikẹ́ni bá fi í jẹ. Ó ní ẹni tó bá rí ibi tó sì dákẹ́, òun náà ti di ẹni ibi.”

Èmi tí mi ò lè kà ju orúkọ mi lọ, ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi létí. Mo ní, “Ó gbọ́n o.” Ẹ̀bi tèmi nìyẹn.

Takisí kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra níwájú wa ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan ré kọjá. Ó ń sá eré àsápajúdé, ó di báàgì obìnrin mọ́ àyà. Kí n tó la ẹnu, Àbísóyè ti fò sókè: “Vimba! Vimba!” Bí wọ́n ṣe ń pariwo olè níhìn-ín nìyẹn.

Yéè! Mi ò mọ ibi tí èèyàn ti ń tú jáde. Àwọn mẹkáníìkì jáde, àwọn tó ń ta bàtà jáde. Ẹnìkan na ẹsẹ̀, ọmọkùnrin náà ṣubú yakata. Ni wọ́n bá bò ó. Òmíràn mú pátákó, òmíràn mú òkúta.

“Màmá, èmi ni mo jẹ́ kí wọ́n mú un!” Àbísóyè ń fò fẹ̀rẹ̀.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn kan lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn: “Ẹ gbà mí o! Mi ò jalè! Ìyá mi o!”

Yorùbá ni!

Mo rí ìgbà wẹ́tíẹ̀ nílé, tí wọ́n ń da bẹntiróò sí èèyàn lára, tí wọ́n sì ń dáná sun ún. Mo rí àdúgbò Alexandra níhìn-ín lọ́dún tó ṣáájú, nígbà tí wọ́n ń lé àwọn àlejò jáde nílé wọn. Mo mọ ohun tí èrò ń ṣe. Ṣùgbọ́n eléyìí, ẹnu ọmọ mi ló ti jáde. Mo fẹ́ já wọ àárín wọn, wọ́n tì mí sẹ́yìn.

Takisí tó gbéra lẹ́ẹ̀kan bá dúró lókèèrè. Obìnrin kan bẹ́ sílẹ̀, ó ń kígbe bọ̀. Òun ló ni báàgì náà. Ó gbàgbé rẹ̀ síbi tó jókòó sí kó tó wọkọ̀, ọmọkùnrin yẹn ló sì ń gbé e sáré tẹ̀ lé e.

Ẹni tó mú òkúta jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń wo ojú ọ̀run bí ẹni pé òjò ló ń wá.

Ọlọ́pàá dé. “Ta ló kọ́kọ́ pariwo?”

Àbísóyè di ìró mi mú. “Màmá, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Ẹ jọ̀ọ́. Tí wọ́n bá mọ̀ pé èmi ni ńkọ́?”

Mi ò ní purọ́ fún yín, ẹsẹ̀ mi ti yí sọ́nà ilé. Akíntúndé, bàbá rẹ̀, ni mo rò, àti ìwé tí ìjọba fi gbà wá láàyè nílùú yìí. Àfi bí ọmọkùnrin náà ṣe gbójú sókè. Ojú kan ti wú dí, èkejì ló fi ń wò wá. Ó ti gbọ́ èdè wa.

“Màmá, Yorùbá ni yín? Ẹ bá mi sọ fún wọn pé mi ò jalè.”

Àbísóyè jọ̀wọ́ ìró mi. Ó lọ kúnlẹ̀ sórí títì ọlọ́dà. “Ẹ̀gbọ́n, èmi ni. Èmi ni mo pariwo.” Ó dìde, ó tún un sọ fún ọlọ́pàá, wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀.

Wàídì ni wọ́n ń pe ọmọkùnrin náà. Bàtà ló ń rán. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kán níbi méjì. Títí di òní, kò lè di abẹ́rẹ́ mú dáadáa. Tèṣán ọlọ́pàá pe Akíntúndé àti ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹjọ́ parí nígbà tó yá, ṣùgbọ́n ọwọ́ Wàídì ò padà bọ̀ sípò.

Lálẹ́ ọjọ́ tí ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀, Àbísóyè ju ìwé rẹ̀ sí ààtàn. Mo lọ mú un, mo ṣí i wò. Mi ò lè kà á, àmọ́ mo rí i pé ọ̀rọ̀ máa ń jáde lẹ́nu àwọn tí wọ́n yà síbẹ̀ nínú ohun funfun kan tó dà bí ẹyin. Ti Mànàmáná ń jáde, ti ọlọ́pàá ń jáde, ti èrò ọjà ń jáde. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sí èyí tó jáde lẹ́nu olè. Mo fi han ọmọ mi. Ó wò ó títí.

Nígbà tí a gbé oúnjẹ lọ fún Wàídì ní ọsibítù, Àbísóyè bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀, ó ń sunkún. Wàídì ò bínú. Ó kàn ní, “Àbúrò mi, kí ló dé tí o ò bi mí?”

Ẹ̀yin ọmọ, àwọn baba wa ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ìgboyà dára, ibi ò sì yẹ ní gbígbà láàyè. Ṣùgbọ́n agbára láti pariwo kì í ṣe ẹ̀tọ́ láti dájọ́. Kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni lólè, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè ibi tó ń sáré lọ.