Ta Ló Pa Abẹ́rẹ́?

Òkú náà wà ní ìjókòó. Ó gbórí lé aṣọ tí kò tíì rán tán lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, bí ẹni tí oorun gbé lọ. Ìborí rẹ̀ kò sí bó ṣe yẹ kó wà: ó gbé e gba abẹ́ àgbọ̀n, ó sì so ó pinpin sí àtàrí, bí ẹni tí eyín ń dùn. Ife tíì kan wà létí ọwọ́ rẹ̀, tíì kù nínú rẹ̀ dé ìdajì. Èèrà ti kú yí ife náà ká.

Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè é níléeṣẹ́. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ọwọ́ rẹ̀ sì yá. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a máa ṣẹ̀fẹ̀ pé bí atẹ́gùn bá ń fẹ́, kí wọ́n fi òwú so ó mọ́ àga. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé lọ́gbọ̀n ọdún ni. Ó fi ọkọ sílẹ̀, ó fi ọmọ ọwọ́ sílẹ̀.

Máníjà ló ṣílẹ̀kùn láàárọ̀ tó bá a bẹ́ẹ̀. Ó sọ fún ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ pé aṣọ iṣẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì ló wà nílẹ̀, pé nígbà tí gbogbo àwọn ń relé, Abẹ́rẹ́ ní òun á dúró parí tòun. Ó fi kún un pé àbúrò ọkọ Abẹ́rẹ́, ọmọbìnrin kan, ló gbé tíì yẹn wá lọ́sàn-án àná.

Obìnrin ni ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ náà. Ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó yí òkú náà po. Òwú funfun, irú èyí tí wọ́n ń tẹ́ sínú kóòtù, lẹ̀ mọ́ gìgísẹ̀ rẹ̀ àti ẹ̀yìn ẹ̀wù rẹ̀. Ó wo ilẹ̀. Wọ́n ti gbá a, kò sí òwú kankan níbẹ̀.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, àbúrò ọkọ ti wà látìmọ́lé. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò dáa rárá. Àyẹ̀wò fi hàn pé oògùn kòkòrò ló wà nínú ife. Àwọn alájọgbé jẹ́rìí pé òun àti ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jà láàárọ̀ ọjọ́ tó kú, ó sì sọ fún un pé ojú rẹ̀ á rí i.

Wọ́n fura sí ọkọ náà. Mẹkáníìkì ni. Kò sẹ́ni tó lè jẹ́rìí ibi tó wà lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní òun ń wá ìyàwó òun kiri ni. Òun tilẹ̀ dé ẹnu géètì iléeṣẹ́, àgádágodo wà níta rẹ̀, gbogbo iná ti kú, lòun bá yí padà. Nígbà tí wọ́n sọ ohun tó wà nínú ife fún un, ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú. Ó ní bó bá jẹ́ àbúrò òun ló ṣe é, kí wọ́n má tú u sílẹ̀ láé. Kò lọ wò ó.

Ọ̀gá àgọ́ ní kí wọ́n gbé ọmọbìnrin náà lọ ilé ẹjọ́ lọ́jọ́ kejì. Ó ní kí ló tún kù?

Ṣùgbọ́n géètì yẹn ò jẹ́ kí ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ sinmi. Ta ló ń ránṣọ nínú òkùnkùn, tí wọ́n ti í mọ́lé látìta?

Ó wọ àtìmọ́lé lọ. Ọmọbìnrin náà ò jẹun, kò mumi. Ètè rẹ̀ ti gbẹ.

"Ṣé o sọ fún un pé ojú ẹ̀ á rí i?"

"Mo sọ ọ́, mà." Ó sunkún títí ó fi rí ọ̀rọ̀ sọ. "Kò rí oorun sùn mọ́. Ẹ̀yìn ń dùn ún, ó ń bì. Bó bá gun àtẹ̀gùn díẹ̀, á jókòó. Mo ní kó lọ rí dókítà, ó ní iṣẹ́ ò jẹ́. Mo wá ní bí ò bá lọ, ojú ẹ̀ á rí i. Ìyẹn ni mo sọ."

"Tíì yẹn ńkọ́?"

"Ó mu ún tán lójú mi. Ó da ojú ife dé."

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ fẹ́ gbà á gbọ́, àmọ́ ẹ̀rí ò sí. Ó gba ọ̀dọ̀ dókítà tó yẹ òkú wò lọ. Dókítà sọ fún un pé kò sí májèlé nínú ikùn Abẹ́rẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ló dì nínú iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọkàn rẹ̀.

Ó béèrè pé ṣé ọmọ ọgbọ̀n ọdún nìyẹn lè ṣẹlẹ̀ sí. Dókítà ní ó ń ṣẹlẹ̀, pàápàá sí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru nínú oyún bíi ti Abẹ́rẹ́.

"Àyà dídùn ló wọ́pọ̀ jù, tọkùnrin tobìnrin," ni dókítà wí. "Ṣùgbọ́n ti obìnrin sábà máa ń gba ibòmíì yọ: àgbọ̀n, ẹ̀yìn, èébì, àárẹ̀. Nígbà míì, àyà ò ní sọ nǹkan kan. Tó bá tún wá jẹ́ ọ̀dọ́, wọ́n á ní àárẹ̀ lásán ni."

"Ká ní wọ́n tètè gbé e dé ńkọ́?"

Dókítà mirí díẹ̀. "Ó ṣeé ṣe kó yè."

Ta ló wá bu májèlé sínú ife ẹni tó ti kú?

Ó padà síléeṣẹ́. Ibi kan ṣoṣo ni òwú kóòtù wà: yàrá tí wọ́n ń kó aṣọ sí. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́rùn máníjà. Ìgò oògùn kòkòrò tí wọ́n ń fọ́n sí aṣọ wà lórí pẹpẹ níbẹ̀. Ní kọ̀rọ̀, ó ká àjákù aṣọ kan kúrò nílẹ̀. Èébì ló wà lábẹ́ rẹ̀, èébì tó rùn fún tíì. Èèrà bò ó, wọ́n ń rìn, wọ́n ń jẹ. Kò sí òkú kankan nínú wọn. Òótọ́ ni ọmọbìnrin náà sọ.

Ó yíjú sí ilẹ̀kùn. Èékánná ti ha ọ̀dà inú rẹ̀, láti ìdajì lọ sí ìsàlẹ̀.

Kó tó pe máníjà, ó bá bàbá tó ń gé aṣọ sọ̀rọ̀. Bàbá náà yin máníjà gan-an. Ó ní lọ́dún tó kọjá, nígbà tí ọkàn òun fẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀, máníjà ló gbé òun pọ̀n jáde, tó wa ọkọ̀ bí wèrè dé ilé ìwòsàn. Ó ní máníjà lòun jẹ ní gbèsè ẹ̀mí òun.

Máníjà jókòó. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìgbóhùn sókè: òwú, géètì, èèrà, ilẹ̀kùn. Ọkùnrin náà ò jiyàn. Ó bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, ó gbé e sórí tábìlì.

Ó ní bí aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì bá pẹ́, wọ́n á lé òun kúrò níṣẹ́. Abẹ́rẹ́ wá ní àgbọ̀n ń dun òun, ẹ̀yìn ń dun òun, òun fẹ́ máa lọ. Máníjà ní òun rò pé ọgbọ́n ló ń dá. Òun ní kó lọ sinmi níwọ̀nba nínú yàrá aṣọ, òun sì tilẹ̀kùn kó má baà yọ́ lọ.

"Ṣé ẹ gbọ́ nígbà tó ń kan ilẹ̀kùn?"

Ó pẹ́ kó tó dáhùn. "Mo gbọ́. Mo ní yóò sú u."

Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ lọ tán, ó ṣílẹ̀kùn, ó bá òkú. Ẹ̀wọ̀n ló rí níwájú. Ó wọ́ ọ dé ìdí ẹ̀rọ rẹ̀, ó po oògùn mọ́ tíì mìíràn, ó bù ú sínú ife tí ọmọ ọlọ́mọ gbé wá, ó sì ti géètì.

"Ẹ̀yin yìí kan náà lẹ gbé bàbá agéṣọ pọ̀n."

"Ìyẹn di àyà mú, mà. Ó ṣubú lulẹ̀, gbogbo wa rí i." Omi ń dà lójú rẹ̀. "Abẹ́rẹ́ ò di àyà mú."

Wọ́n tú àbúrò ọkọ sílẹ̀ ní ọ̀sán. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà àgọ́, bàtà rẹ̀ ò bá ara mu. Bó ṣe rí i, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún àbúrò ara rẹ̀, nínú eruku, lójú gbogbo èèyàn.

Ọmọbìnrin náà wò ó títí. Kò ní kó dìde. Kò sì kọjá lára rẹ̀.

"Bọ̀dá," ó ní, "ta ló wà lọ́dọ̀ ọmọ?"