Ẹ̀rọ Tí Kò Jẹ́ Kí Ìyá Ọmọ Jáde

Ẹ má fi ṣe àlọ́ o. Ọmọ tí ọmọ mi bí ló ṣẹlẹ̀ sí. Ọ̀sán gangan ni, oorun ò sì kun ẹnì kankan.

Ìyá Ẹ̀rọ ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Orí ẹ̀ pé. Tèmi ló jọ, kì í ṣe ti bàbá àgbà ẹ̀. Òun ló ṣe ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan tó ń fi iná mànàmáná tín-ín-rín wá ebu nínú ẹ̀jẹ̀ èèyàn. Ebu bíi ti ara búrẹ́dì tó ti bu, àmọ́ eléyìí ń pa ni. Kán ẹ̀jẹ̀ sí i: bó bá mọ́, iná aláwọ̀ ewé, bí ebu bá wà, iná pupa. Nínú yàrá tí wọ́n ti ń sin ebu ọ̀hún, òun fúnra rẹ̀ ló so ẹ̀rọ mọ́ ilẹ̀kùn. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jáde àfi kó gún ìka, kí iná ewé tàn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó gún ìka kó lè relé. Pupa.

Ó gún òmíràn. Pupa.

Ọ̀gá rẹ̀ obìnrin, tó máa ń pè ní Ẹ̀gbọ́n, ń wò ó látìta, lójú gíláàsì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ yìí ń bá mi ṣeré."

"Ìwọ lo bí i, bá a wí!"

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nínú ìgò kékeré, láti ojú ihò ara ògiri, Ẹ̀gbọ́n sì gbé e lọ fún dókítà. Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n padà dé, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Dókítà fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wò ó. Ó mọ́ tónítóní. Kán omi lásán sí ẹ̀rọ, kó ṣí, kó o máa lọ."

"Ọmọ ń mu ọyàn nílé. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ ló sọ òótọ́ ńkọ́?"

Kò kán omi. Ọyàn rẹ̀ ti kún, ó ń ro ó.

Fóònù dún. Ọkọ rẹ̀ ni.

"Màmá Béébì, ọmọ ẹ ti dá mi lágara o! Gbọ́ ọ."

Ọmọ ń ké. Ẹ̀rọ gbígbẹ, tí ẹnikẹ́ni ò kán nǹkan sí, tan iná pupa. Ọmọ sinmi; iná kú. Ọmọ tún ké. Iná tún tàn.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ rí i?"

Ẹ̀gbọ́n ti rọra fà sẹ́yìn kúrò lójú gíláàsì.

Nínú fóònù, ọmọ húkọ́. Ikọ́ gbígbẹ, bíi ti àgbàlagbà. Lẹ́yìn náà, kẹ́kẹ́ pa.

"Ó ti sùn," ni ọkọ wí.

Ìyá Ẹ̀rọ yíjú sí ẹ̀rọ. Ó gún ìka. Ewé. Ilẹ̀kùn ṣí gbayawu.

"Jáde, àbúrò mi! Kí lò ń wò?"

Kò jáde. Ó jókòó ti ẹ̀rọ, ó ń bẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń bẹ ìyá ọkọ.

"Pupa, jọ̀ọ́. Ara tèmi ni kí ebu wà, kó fi ọmọ mi sílẹ̀."

Ewé.

Ó gún ìka mìíràn.

Ewé.